Bẹ́ẹ̀dì Onípele Méjì fún Ìbejì àti Ìdòwú: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Káfíńtà Kan ní Òṣogbo

Ní ìparí oṣù Kẹfà, Ìyá Ìbejì gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Àwòrán bẹ́ẹ̀dì onípele mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta lòun náà ní: Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún 9, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún 4. Yàrá kan ló wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú fúláàtì tí ìdílé náà háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àlejò ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n, irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́."

"Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ wo yàrá yẹn ná. Àjà ni yóò sọ iye ọmọ tó lè sùn lérí ara wọn."

Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 11 lóòró. Láti orí táìlì dé àjà jẹ́ ẹsẹ̀ 9, ìyẹn íńṣì 108. Ilẹ̀kùn fẹ̀ ní íńṣì 30, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ṣẹ́ kọ̀rọ̀ kan kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Fáànù kan rọ̀ sí àárín àjà. Inú nọ́ńbà wọ̀nyí ni gbogbo ìpinnu tó tẹ̀lé e ti jáde.

Ìpele mẹ́ta kò ṣeé ṣe. Kí ọmọ tó wà nísàlẹ̀ tó lè jókòó láìfi orí gbá pákó, kí ìyá rẹ̀ sì lè jókòó tì í bí ibà bá mú un, láti orí fóòmù kan dé orí fóòmù tó wà lókè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó íńṣì 40. Bí orí fóòmù àkọ́kọ́ bá wà ní íńṣì 18 sí ilẹ̀, ìkejì á wà ní nǹkan bí 59, ìkẹta á dé 100. Íńṣì 8 ló kù dé àjà. Ọmọ tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò ní lè yí ẹ̀gbẹ́ padà dáadáa, ooru abẹ́ páànù ní oṣù Kẹta á sì máa yan án bí iṣu.

Ọ̀rọ̀ fáànù ló le jù. Láti àárín fáànù náà dé ṣóńṣó apá rẹ̀ jẹ́ íńṣì 28. Àárín rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní íńṣì 60, nítorí náà apá rẹ̀ ń yí dé ibi tó ku íńṣì 32 kó kan ògiri. Bẹ́ẹ̀dì yóò sì yọ ní íńṣì 40 láti ara ògiri yẹn kan náà. Íńṣì 8 ni fáànù á fi máa yí lórí ibi tí ọmọ ń sùn. Apá fáànù wà ní íńṣì 94 sí ilẹ̀, orí fóòmù òkè ní 59¼. Ọmọ ọdún 9 tó bá jókòó, tó wá na ọwọ́ sókè láti bọ́ ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú fáànù. Àwọn kan á ní kí a gbé fáànù sókè díẹ̀, kí a sì kìlọ̀ fún ọmọ. Ọmọ tó ń tojú oorun bọ̀ kò rántí ìkìlọ̀ kankan. Wọ́n bá onílé sọ ọ́, oníṣẹ́ iná tú fáànù àjà sílẹ̀, ó sì gbé fáànù ara ògiri oní-íńṣì 18 kọ́ sí ògiri òdìkejì, níbi tí ọwọ́ kò lè dé láti orí bẹ́ẹ̀dì. Iye fáànù tuntun yìí wọ inú owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, nítorí pé bí oníbàárà bá gbọ́ ọ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ti délé, ó lè ní kí fáànù ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná.

Fóònù tún fi nǹkan mìíràn hàn wọ́n: bẹ́ẹ̀dì inú àwòrán yẹn kò ní ọgbà, ìyẹn pákó tí kì í jẹ́ kí ọmọ yí bọ́ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri ti tó ọgbà. Ègé táìlì kékeré tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká máa ń ti bẹ́ẹ̀dì jìnnà díẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà a sì máa sún lójoojúmọ́. Ọmọ tó bá yí sínú àlàfo yẹn lè há síbẹ̀. Wọ́n pinnu pé ọgbà á wà yíká.

Ìlànà Amẹ́ríkà fún irú bẹ́ẹ̀dì yìí ní kí orí ọgbà ga ju fóòmù lọ ní íńṣì 5 ó kéré tán, kí àlàfo inú ọgbà má sì ju íńṣì 3½ lọ. Ìlànà Yúróòpù, EN 747, béèrè fún mìlímítà 160 lókè fóòmù, ó sì fẹ́ kí àlàfo wà láàárín mìlímítà 60 sí 75. Ìdí tí wọ́n fi ń wọn àlàfo ni pé ara ọmọ ń gba ibi tí orí rẹ̀ kò lè gbà. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, ìbàdí á tẹ̀lé e, orí á há, ọmọ á so rọ̀. Àlàfo íńṣì 2½ tí wọ́n lò nínú iṣẹ́ yìí tẹ́ ìlànà méjèèjì lọ́rùn. Ìkìlọ̀ kan náà ló tún wà nínú méjèèjì pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ sùn lókè. Nípa bẹ́ẹ̀, ibùsùn Ìdòwú di bẹ́ẹ̀dì àfàyọ: àpótí pẹlẹbẹ onítáyà kéékèèké tó ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, tí a ń fà yọ lálẹ́. Kẹ́hìndé ní òun làgbà, òun ni yóò gba òkè. Táyé kò bá a jà.

Fóòmù ni wọ́n rà kí wọ́n tó ra pákó. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà ni "ẹsẹ̀ 6 ní 3", ènìyàn á sì rò pé íńṣì 72 ní 36 ni. Nígbà tí wọ́n fa tápù sí i, 75 ní 36 ni. Inú bẹ́ẹ̀dì wá di 76 ní 37, kí ọwọ́ lè rí ibi ki aṣọ ìtẹ́sùn sí. Fóòmù ìsàlẹ̀ nípọn ní íńṣì 6, ti òkè ní 4 péré. Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́ pé kí ti òkè náà jẹ́ 6, nítorí kí Kẹ́hìndé má baà ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n íńṣì 2 tí a bá fi kún fóòmù, ara ọgbà la ti yọ ọ́. Wọ́n fi irin pupa sun ilà kan sínú òpó òkè, kí ẹnikẹ́ni tó bá ra fóòmù lọ́la mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Fóòmù àfàyọ, 72 ní 30, nípọn 4, ni wọ́n ní kí wọ́n gé lákànṣe.

Báyìí ni gíga rẹ̀ ṣe lọ láti ilẹ̀. Àlàfo íńṣì 10 wà lábẹ́ sáìdì ìsàlẹ̀, ìyẹn pákó gígùn ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí àfàyọ àti ìrọ̀rí lè wọlé. Sáìdì náà ga ní 5½, orí rẹ̀ wá wà ní 15½. Orí fóòmù ìsàlẹ̀ jẹ́ 18¼, gíga tí ìyá lè jókòó sí láìká orúnkún. Ìsàlẹ̀ sáìdì òkè wà ní 53, orí rẹ̀ ní 58½, orí fóòmù òkè ní 59¼. Pákó ọgbà fẹ̀ ní 5, ó bẹ̀rẹ̀ láti 61 dé 66. Ìyẹn ni pé ọgbà fi íńṣì 6¾ ga ju fóòmù lọ. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ga ní 66.

Àkàbà fẹ́ dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bí a bá gbé e dagun gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dí ọ̀nà àfàyọ. Wọ́n wá gbé e dúró ṣánṣán sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ sáìdì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì parí sí íńṣì 10 lókè ilẹ̀. Àfàyọ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Igi ìtẹ̀sẹ̀ márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, orí wọn wà ní 12, 22, 32, 42 àti 52. Bákan náà ni àlàfo wọn gbọ́dọ̀ rí, nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń ka àkàbà nínú òkùnkùn bí iná bá lọ lóru. Wọ́n fẹ̀ ní íńṣì 3½, pẹrẹsẹ ni wọ́n rí. Igi roboto máa ń dun àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà, á sì fi ìkánjú fò bọ́ sílẹ̀. Apá méjèèjì àkàbà ga dé 66 kí ọmọ lè rí nǹkan dì mú nígbà tó bá ń yí padà sọ̀kalẹ̀, apá kan nínú wọn ló sì di ọgbà iwájú mú. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé sókè kò ju íńṣì 15 lọ láti òpó.

Ìdigbó ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gánwó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ohun tí oníbàárà mú wá. Arẹ̀rẹ̀ rọrùn láti fá, àmọ́ kì í di síkúrù mú pẹ́, kòkòrò tó ń lu igi di ìyẹ̀fun sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìdigbó kò wúwo jù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí bó bá ti gbẹ. Àbùkù rẹ̀ kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀: àwọ̀ bí ìyeyè ń jáde lára rẹ̀ bó bá tutù, ibi tí irin lásán bá sì ti kàn án nínú ọ̀rinrin á dúdú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Àárín òjò ni. Pákó 2×6 tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ní sọ́míìlì tutù, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ojú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n gé ègé kékeré kan láàárín pákó náà, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: gíráàmù 600. Wọ́n fi í sínú ààrò gáàsì tí iná rẹ̀ kéré, wọ́n ń wọ̀n ọ́n títí kò fi fúyẹ́ mọ́: 480. Omi 120 nínú igi 480, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Sáìdì tó fẹ̀ ní 5½ tí a bá fi irú igi yẹn ṣe á fún mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 1/8 íńṣì bó bá gbẹ tán nínú yàrá, ihò á fẹ̀, bóòtì á tú. Wọ́n rí pákó mìíràn tó ti pẹ́ lábẹ́ òrùlé. Ègé tiẹ̀ lọ láti 560 sí 490, ó lé díẹ̀ ní ìdá 14. Èyí ni wọ́n rà.

Ohun tí wọ́n rà ni 2×6 oníẹsẹ̀ 12 mẹ́rin, 2×4 méje, 1×12 márùn-ún. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìfági bá ti kọjá, 2×6 máa ń ku 1½ ní 5½, èyí sì ni nọ́ńbà tí a fi ń ṣe ìṣirò. Pákó 2×6 kọ̀ọ̀kan mú sáìdì kan tó gùn ní 77 jáde, àti igi orí bẹ́ẹ̀dì kan tó gùn ní 37. Àjẹkù 30 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n gé sí méjì-méjì fún igi ìtẹ̀sẹ̀. Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2×4 méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ pọ̀, 3 ní 3½, mẹ́rin nínú 2×4 ló sì bá òpó lọ. Ọ̀kan lọ fún apá àkàbà. Méjì tó kù ni wọ́n là fún igi ìjókòó, ìyẹn igi 1½ ní 1½ tó lẹ̀ mọ́ inú sáìdì tí pákó ìtẹ́ ń gbé lé. 1×12 mẹ́ta mú pákó ìtẹ́ 26 jáde, 13 fún ìpele kọ̀ọ̀kan, àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bí 2½. Àjẹkù wọn, tó gùn ní 33, ló di ìtẹ́ àfàyọ. Ìkan lọ fún ọgbà, ìkan fún ara àpótí àfàyọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò kún àpò kan.

Ìṣó kò wọ iṣẹ́ yìí rárá. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá gòkè ni bẹ́ẹ̀dì ń mì síwá sẹ́yìn, ìṣó á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí eyín tó ń mì. Orí àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n gbẹ́ ahọ́n oní-íńṣì 2 sí igi, wọ́n gbẹ́ ihò sí òpó, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n sì fi kíláǹpù há a mọ́jú. Kí gọ́ọ̀mù tó mú, wọ́n fa tápù láti igun dé igun. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀dì ti wọ́, kò sì sí bóòtì tó lè tún un ṣe mọ́.

Bóòtì mìlímítà 10 tó gùn ní íńṣì 6 ló so sáìdì mọ́ òpó, méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, 16 lápapọ̀, wáṣà ní orí àti ní ìdí. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé àyálégbé ni, wọn yóò kó lọ lọ́jọ́ kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kò sì lè gba bẹ́ẹ̀dì odidi. Ẹnu sáìdì wọ inú òpó ní ìlàjì íńṣì, kí ìwúwo má baà wà lórí bóòtì nìkan. Bí a ṣe ń lu ihò yìí ṣe pàtàkì. A ó ti sáìdì bọ ààyè rẹ̀, a ó há a, a ó wá lu ihò láti ojú òpó gba inú rẹ̀ lọ sí ẹnu sáìdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ iṣẹ́ kan lu òpó lọ́tọ̀, ó lu sáìdì lọ́tọ̀, ihò méjèèjì fi mìlímítà 4 ṣìnà síra wọn. Wọ́n fi igi roboto àti gọ́ọ̀mù dí ihò sáìdì náà, wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì tún un lù. Fífẹ ihò kí bóòtì lè wọ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí, oríkèé tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní dákẹ́ ìró láé.

Sáńpépà 120, lẹ́yìn náà 180, sílà (ìkùn àkọ́kọ́ tó ń dí ojú igi) kan, fáníṣì méjì. Wọ́n fi í sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Pákó ìtẹ́ kò rí fáníṣì, wọ́n ní fóòmù á bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé e gòkè ní ègé-ègé. Ilẹ̀ yàrá náà dagun ní 3/8 íńṣì sí ọ̀nà fèrèsé, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé òpó méjì. Kí wọ́n tó fún oníbàárà, àgbà méjì dùbúlẹ̀ sókè, wọ́n yíra, wọ́n tẹ ọgbà pẹ̀lú ẹsẹ̀. Wọ́n mú igi kan tó fẹ̀ ní 3½ lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbìyànjú láti tì í gba gbogbo àlàfo. Kò gba ìkankan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìpè wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀dì yìí ti ń sunkún o. Bí Kẹ́hìndé bá ti yíra, gbogbo wa la jí. Aṣọ ìtẹ́sùn Ìdòwú náà ti pọ́n bí ìyeyè, kò sì bọ́."

Wọ́n kọ́kọ́ di bóòtì, ó gba díẹ̀, ìró náà kò lọ. Wọ́n ní kí Kẹ́hìndé gòkè kó máa yíra, wọ́n wá gbé etí lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Oríkèé dákẹ́. Àárín sáìdì ni ohùn ti ń jáde: kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé fóòmù kúrò, ojú kò rí nǹkan kan. Wọ́n ya etí ìwé kan, wọ́n tì í sí àárín igi ìjókòó àti sáìdì. Ó wọlé, ó sì rìn tó ìbú ọwọ́ méjì kó tó há.

Ohun tó fà á hàn nígbà tí wọ́n tú igi náà. Nínú 2×4 méje, márùn-ún péré ni wọ́n rí rà lára pákó gbígbẹ. Méjì tó kù wá láti inú pákó tútù, torí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì jọ pé ibi tí wọ́n máa lò ó kò tó nǹkan. Igi ìjókòó ni wọ́n fi ṣe. Síkúrù mẹ́fà nìkan ló dì í mú lórí íńṣì 76, wọn kò fi gọ́ọ̀mù sí i. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń yí bí okùn, ó fa ara rẹ̀ kúrò lára sáìdì láàárín síkúrù kan sí èkejì. Gbogbo ìwúwo ọmọ àti fóòmù sì ń gba ara igi yìí kọjá sí sáìdì. Ibi tí wọ́n rò pé kò tó nǹkan ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òkè nìkan ló ń dún. Wọ́n fi igi tí wọ́n ti wọ̀n, tó ti gbẹ, rọ́pò wọn. Wọ́n fá fáníṣì kúrò lára sáìdì níbi tí igi náà máa gbé lẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù kì í mú lórí fáníṣì. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, síkúrù oní-íńṣì 2½ ní gbogbo íńṣì 6, mẹ́tàlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Síkúrù kan tún wọ etí pákó ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan kó má baà sún.

Ní ti aṣọ Ìdòwú, ọmọ náà ṣì ń tọ̀ sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi náà gba inú fóòmù dé orí ìdigbó tí kò ní fáníṣì, àwọ̀ igi yọ, fóòmù fà á padà sókè. Yíká orí síkúrù lásán tí wọ́n lò níbẹ̀ ti dúdú bí yíǹkì. Wọ́n kó gbogbo pákó ìtẹ́ jáde, wọ́n fi sílà àti fáníṣì kùn wọ́n ní ojú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹnu méjèèjì, wọ́n pààrọ̀ síkúrù sí èyí tí ìpẹtà kò lè mú, ọ̀rá sì wà lórí fóòmù Ìdòwú báyìí. Àbàwọ́n ara fóòmù kò lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ló san owó aṣọ ìbora rẹ̀ tuntun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi okùn so sípánà 17 mọ́ abẹ́ sáìdì ìsàlẹ̀, òun ló bá orí bóòtì wọ̀nyí mu. Wọ́n sọ fún Bàbá Ìbejì pé kó máa di wọ́n nígbà ọyẹ́ tí igi ń gbẹ, àti lẹ́yìn òjò. Nígbà tí wọ́n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kìn-ín-ní, ọyẹ́ ti mú gan-an. Bóòtì gba ìlàjì yíyí, àlàfo ọgbà ṣì jẹ́ íńṣì 2½, wọ́n sì ti etí ìwé sí ara igi ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí dé ẹsẹ̀. Kò wọlé níbì kankan.